Àwòṣe A-dúpẹ́

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ bàtà yín síta," ni ilẹ̀kùn Ilé Ìdánrawò wí fún mi.

"Mo ti gbọ́, ẹlẹ́nu ṣọ́ńṣó," ni mo dá a lóhùn, mo sì bọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn yìí ti ń sọ ohun kan náà fún mi. Kì í bínú, kì í rẹ̀ ẹ́, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú sí i.

Màmá mi wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wò bí ẹni tí ò fọkàn tán an. Aṣọ àlà kan wà lápá wọn, wọ́n ká a mẹ́rin. Èmi ni mo rán etí aṣọ náà, nítorí télọ̀ ni mí, mi ò sì lè gbé irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn rán. Wọ́n gbójú sókè sí òǹkà pupa tó wà lókè ilẹ̀kùn.

"Fẹ̀yìntọlá, kí ló wà níbẹ̀? Ojú mi ò gbé e."

"Mọ́kàndínlógójì ni, Màmá."

"Ó wá ku ẹyọ kan."

"Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà níta, ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n gbé aṣọ náà lé orúnkún. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tún ìborùn wọn ṣe. "Ara ńkọ́, Màmá?"

"A dúpẹ́. Tètè wọlé, kí wọ́n má baà dúró dè ọ́."

Mo bá wọlé.

Dókítà Láníyọnu, tó jẹ́ olórí ilé náà, ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú wàláà òfin lọ́wọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàárọ̀, ma. Òfin ní kí n kọ́kọ́ kà á."

"Ẹ kà á o. Bẹ́ ẹ bá fò ó, ilẹ̀kùn yẹn á bá wa jà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kà á: "'Ẹni tí àṣìṣe olùtọ́jú bá pa, a ó fi ohùn rẹ̀ àti bó ṣe kú ṣe àwòṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan alààyè títí yóò fi tọ́jú àwòṣe. Ọjọ́ tí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ̀léra wọn gba àwòṣe kan là, ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí. A ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, a ó sì gbé ohùn rẹ̀ fún ẹbí nínú àpótí kí wọ́n lọ sin ín. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kùnà nínú ogójì náà, òǹkà á padà sí òdo.'"

"Ta ló sì ń sọ pé ó yè?"

"'Ẹlẹ́rìí tí ẹbí bá yàn. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ.'" Ó na wàláà náà sí mi. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lójú rẹ̀: YÈ lápá ọ̀tún, KÒ YÈ lápá òsì. Àtàǹpàkò mi nìkan ni wàláà náà mọ̀.

Wọ́n ní nígbà tí òfin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ilé ìwòsàn ló ń ṣe adájọ́ ara rẹ̀, gbogbo òkú ló sì ń yè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ń pe àwa tọ́rọ̀ kàn.

Àbúrò mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé rọ́bà ni, ẹ má dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Rọ́bà tó ń móoru, tó ń làágùn, tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú Motúnráyọ̀, nítorí òfin ò gbà kí wọ́n ya ojú òkú. Ṣùgbọ́n ohùn náà, ti Ráyọ̀ mi ni. Gbogbo bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó sì ń gbà á sílẹ̀ láyé tiwa yìí, bẹ́ẹ̀dì tí Ráyọ̀ kú sí ló gbọ́ gbogbo rẹ̀, òun náà ló sì jẹ́rìí.

Ohun tí bẹ́ẹ̀dì náà gbọ́ ò gùn. Ráyọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan ní ilé ìwòsàn tí òfin ò gbà ká dárúkọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rìndínlógún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, ma. Ara ńkọ́?" Ráyọ̀ ní, "A dúpẹ́, ma." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ara rẹ̀ le, ó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lábẹ́ ìró tí wọ́n dà bò ó, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi dà.

Ta ni wọ́n máa kí láàárín wa tí ò ní sọ pé a dúpẹ́? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́, bẹ́ ẹ bá kí i, a dúpẹ́ ló máa wí kó tó ké pe panápaná. Nọ́ọ̀sì yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, Yorùbá ni. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó bá gba ìkíni ní ìdáhùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà lára àwòṣe yìí nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ á kí i, á ní a dúpẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà á bẹ́ẹ̀, tó kọ ọ́ sílẹ̀, ó pa á nìyẹn. Ìgbà mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni mo ti rí i kú. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró, tó tún bi í pé, "Mo gbọ́, ma, ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe yín gan-an?" àwòṣe náà á sọ pé, "Ojú mi ń ṣú, ma. Nǹkan ń dà lára mi." Ráyọ̀ ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ ló fi ohùn rẹ̀ hun ún, torí pé kò sẹ́ni tó bi í. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, ara mi máa ń rọ̀, mo máa ń wí lọ́kàn pé, ẹnì kan ti bi í o. Ẹnì kan ti bi Ráyọ̀.

Ìgbà kan wà tí òǹkà dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹnì kan tún gba a-dúpẹ́ gbọ́, gbogbo rẹ̀ wó. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́jọ́ náà, Màmá ṣì ń dá rìn láìlo ọ̀pá. Wọ́n ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin báyìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí àpótí ohùn yẹn fi ṣe pàtàkì sí wọn. Nígbà tí a sin Ráyọ̀, Màmá ò sí níbẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa, òbí kì í tẹ̀lé ọmọ dé ibojì, wọn ò tilẹ̀ gbọdọ̀ mọ ibẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí tí àwọn obìnrin dì wọ́n mú. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ nípa òfin yìí, wọ́n ní, "Ohùn kì í ṣe òkú. Kò sí àṣà tó ní kí n má sin ohùn." Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bá mi wá, tí wọ́n ń jókòó síta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n wọlé, lọ́dún àkọ́kọ́. Àwòṣe náà sọ pé a dúpẹ́, Màmá ṣubú lulẹ̀, wọn ò sì wọlé mọ́.

"Akẹ́kọ̀ọ́ ti dé," ni Dókítà wí.

Ọmọbìnrin tó wọlé ò tíì ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Tanímọ́lá ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní òun ló mọ̀wé jù ní kíláàsì rẹ̀, ẹ sì rí i lára bó ṣe wọ ìbọ̀wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dìde, ó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ kú ewu ọmọ, ma. Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ma," ni Ráyọ̀ wí.

Télọ̀ ni mí, ọwọ́ ni mo máa ń wò. Kí àwòṣe tó sọ tẹnu rẹ̀ tán, ọwọ́ ọmọ náà ti wà ní etí ìró. Ó ṣí i, ó rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ ò bá rí iṣẹ́! Ó ké pe ìrànlọ́wọ́, ó tẹ ikùn náà, ó ń fi ọwọ́ kan ra ilé ọmọ, ó ń fi ọwọ́ kejì gún un lábẹ́rẹ́. Ó fa dírípù, ó ní kí wọ́n gbé àpò ẹ̀jẹ̀ méjì wá. Kò gbọ̀n, kò ṣìnà. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ dá. Iná ara bẹ́ẹ̀dì di àwọ̀ ewé.

"Ó yè," ni ẹ̀rọ wí.

Dókítà Láníyọnu pàtẹ́wọ́ kan, ó bo ojú. Omi ti wà lójú rẹ̀. "Ogójì," ló ń wí. "Ogójì, ma. Ó ti parí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ká lọ bá Màmá."

Mo gbé àtàǹpàkò mi. Inú mi dùn gan-an. Mo ti ń rí i bí mo ṣe máa gbé àpótí kékeré yẹn lé Màmá lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe máa fi aṣọ àlà wé e. Nǹkan kan ni kò jẹ́ n tẹ̀ ẹ́. Yàrá ti dákẹ́ jù. Mo rò ó títí kí n tó mọ̀: Ráyọ̀ ò sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń dúró dè yẹn, kò jáde. Wọ́n gbà á là bí ẹni lẹ táyà.

"Tanímọ́lá, wá síbí."

Ó wá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ ti wà lára ìró kó tó dá ọ lóhùn. Àbí ojú mi ló ti ń bàjẹ́?"

Ẹ̀rín náà kúrò. "Ma, obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, a gbọ́dọ̀—"

"Má purọ́ fún mi. Mo mọ ẹni tó wọn oníbàárà kó tó gé aṣọ, mo sì mọ ẹni tó ti ní pátánì lápò. Ta ló fún ọ ní pátánì?"

Ó wo Dókítà, ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde ni, ma. Wọ́n ní tó bá jẹ́ Àwòṣe A-dúpẹ́ ni wọ́n bá gbé fún mi, kí n má fi àkókò ṣòfò, ìró ni kí n kọ́kọ́ ṣí."

Àwòṣe A-dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò mi nìyẹn láàárín ara wọn. Mi ò mọ̀ ọ́n rí títí di òní.

Dókítà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ma, ẹ dákun. Ó gbà á là. Kò sí ibì kan nínú òfin tó ní kó gbọdọ̀ bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ti fọwọ́ sí i. Màmá wà níta, ma. Mo rí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ rò pé wọ́n tún máa rí ogójì míì?"

"Ẹ má sọ ìyẹn fún mi, Dókítà. Mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ."

Mo kọjú sí ọmọ náà. "Ibo lo ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Ilé ìgbẹ̀bí Òkè-Ìrọ̀rùn, ma. Lọ́jọ́ Ajé."

"Bí obìnrin kan bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó o kí i, tó ní a dúpẹ́, kí lo máa ṣe?"

"Màá ṣí ìró rẹ̀, ma."

"Bí kò bá sí nǹkan lábẹ́ ìró ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé orí ló ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n? Ta ló máa sọ ìyẹn fún ọ?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Òun náà ni, ma. Bí mo bá bi í."

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: mo fẹ́ tẹ YÈ. Ó wù mí dọ́kàn. Ó ti sú mi láti máa jókòó síbẹ̀, ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ. Ọmọ tí Ráyọ̀ bí lọ́jọ́ náà ti pé ọdún mọ́kànlá, a ò jẹ́ kó débí rí, ó sì ń béèrè. Mo ní lọ́kàn mi pé, ṣé èmi nìkan ni mo máa tún ayé ṣe ni? Ọmọ yìí ti gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ti sunkún, ó ti mọ̀. Kí ló tún kù?

Mo rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹlẹ́rìí kì í bá àwòṣe sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ráyọ̀, ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ma," ló wí.

Ráyọ̀ kì í pè mí ní ma. Àǹtí Fẹ̀yìn ló máa ń pè mí, á sì fa "yìn" náà gùn títí màá fi ní kó dákẹ́. Àwòṣe ò mọ̀ mí. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò sí Ráyọ̀ kankan nínú yàrá yẹn fún mi láti ṣàánú. Ẹni tó wà níbẹ̀ ni obìnrin ọjọ́ Ajé, tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tó ní ìyá níbì kan.

Mo tẹ KÒ YÈ.

Òǹkà dún lókè ilẹ̀kùn. Dókítà jókòó sórí àga, kò bá mi wí, ìyẹn sì burú jù. Tanímọ́lá ò dìde lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Mo gbé wàláà lé orí tábìlì, mo jáde.

Màmá gbójú sókè. Wọn ò rí òǹkà, èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

"Màmá, mo tẹ kò yè."

"Ìwọ?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ọmọ yẹn pa á ni?"

"Kò pa á. Kò kàn bi í léèrè ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ àlà náà, bẹ́ẹ̀ ó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀. Wọ́n ká a títí ó fi kéré bí ìwé. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Bó o bá ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ló tọ́, ó dáa." Mo kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ kékeré lẹ́kún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí, Tanímọ́lá jáde. Ojú rẹ̀ ti wú. Kò mọ ibi tó máa gbà, torí bẹ́ńṣì wa ló dí ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi," ni Màmá wí.

Ó dìde, ó rìn ní ìṣísẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ó dúró. Ó padà wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gan-an níwájú wọn, ó sì di ọwọ́ wọn mú.

"Mo gbọ́ pé ẹ dúpẹ́, Màmá. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe yín gan-an?"

Màmá wò mí, bí ẹni ń tọrọ àyè.

"Àyà mi," ni wọ́n wí. "Àyà mi ló ń dùn mí, ọmọ mi, ó ti pẹ́." Wọ́n di ọwọ́ ọmọ náà mú le. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ráyọ̀, ibà ń ṣe é. Àlejò wọlé, wọ́n kí i, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo fa etí rẹ̀. Mo ní, wọ́n ń kí ọ, o ń ka àìsàn sí wọn létí, ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? A dúpẹ́ là ń wí! Ó sunkún, ó sì ní a dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, ohun yòówù kó máa ṣe é, kò sọ nǹkan míì mọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọjọ́ tí mo wọ yàrá yẹn, ohùn ara mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀."

Aṣọ àlà bọ́ sílẹ̀. Wọ́n sunkún lọ́nà tí mi ò rí wọn sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tí Ráyọ̀ kú. Tanímọ́lá ò rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, kò ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ń gbọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló rọra bi wọ́n pé apá ibo ní àyà, àti pé láti ìgbà wo, ó sì fi ìka wá ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ wọn.

Èmi dúró lápá kan. Ilé kan náà la jọ ń gbé. Láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá, kí n tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo máa ń yọjú sí yàrá wọn, màá ní, "Ẹ jíire, Màmá, ara ńkọ́?" Wọ́n á ní a dúpẹ́, màá sì bá tèmi lọ.